Ìdíje Físíìsì Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Àjọṣe Kì í Ṣe Ìjíwèéwò

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Òwe rere ni, ṣùgbọ́n àwọn kan ti fi bo ìwà ìbàjẹ́ mọ́lẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá sọ lónìí pé, "A jọ ṣe é ni," màgòmágó ni ọkàn àgbà yóò kọ́kọ́ lọ sí. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ yẹ ìdíje kan wò, èyí tí ó sọ àjọṣe di òfin.

Physics Brawl Online ni orúkọ rẹ̀. Àwọn FYKOS, ní Yunifásítì Charles ní ìlú Prague, lórílẹ̀-èdè Czech, ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 2011. Ènìyàn tí kò ju 5 lọ ni ó ń para pọ̀ di ikọ̀ kan. Ọ̀kan lè wà ní Ìjerò, èkejì ní Aramọkọ, ẹ̀kẹta ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Wákàtí 3 ni wọ́n ní. Ìbéèrè 7 ni wọn yóò kọ́kọ́ rí. Bí wọ́n bá yanjú ọ̀kan, òmíràn yóò yọjú. Ìdáhùn tí ó bá tọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà ń gba máàkì 5. Bí wọ́n bá ṣì í, máàkì náà yóò dínkù.

Òfin yìí dára lójú wa. Nítorí pé ìkánjú ń jẹ máàkì, ẹni tí ó rò pé òun ti mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́kàn padà. Ibi àríyànjiyàn yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ wà.

Ṣùgbọ́n àléébù kan wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ìkẹyìn nìkan ni ìdíje náà ń gbà. Kò bèèrè bí wọ́n ṣe rí i. Ọ̀jáfáfá kan lè ru ẹrù àwọn mẹ́rin yòókù, kí gbogbo wọn sì jọ gba oyè. Ní Physics Cup, tí Jaan Kalda ń darí láti orílẹ̀-èdè Estonia, odindi iṣẹ́ ni olùdíje ń fi ránṣẹ́ kí wọ́n lè kà á, àmọ́ olúkúlùkù ló ń dá ṣe tirẹ̀. Ọ̀kan ní àjọṣe láìní àlàyé. Èkejì ní àlàyé láìní àjọṣe.

Ẹ jẹ́ kí a fi omi agbègbè wa ṣe àpẹẹrẹ. Ní Ìkógòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ń pàdé. Ní Ìpólé-Ìlórò tí kò jìnnà síbẹ̀, omi Àrìnta ń já láti orí òkè. Ṣé jíjá omi lè mú un gbóná? Ká ní omi já láti mítà 42. Agbára tí kílógíráàmù kan yóò ní kò ju 412 júùlù lọ, bẹ́ẹ̀ ni 4,200 júùlù ni a nílò láti fi dígírì kan kún ooru rẹ̀. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá dígírì kan! Ẹni tí ó jíwèé wò yóò kọ 0.098, yóò sì dákẹ́. Ẹni tí ó yanjú rẹ̀ ni yóò lè sọ fún wa pé inú ilẹ̀ ni ooru Ìkógòsì ti ń wá, kì í ṣe ara àpáta tí omi ń já lù.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má jẹ́ kí àìsí iná tàbí dátà dí yín lọ́wọ́. Àwọn olùdásílẹ̀ ìdíje náà ń gbé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá jáde pẹ̀lú ìdáhùn wọn. Ẹ tẹ̀ wọ́n sórí ìwé, kí ẹ jọ jókòó tì wọ́n. Ẹ fi òfin kan tiyín kún un: ẹni tí kò sọ̀rọ̀ rárá ni kí ó ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún àwọn yòókù. Bí kò bá lè ṣe é, ikọ̀ yín kò tíì yanjú ìbéèrè náà.

Ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá padà wálé, ẹ má bèèrè pé, "Mélòó lẹ gbà?" Ẹ bèèrè pé, "Báwo lẹ ṣe ṣe é?"