Orí Ta Ni Rédíò Ń Kì? Orúkọ Àpọ́nlé, Oríkì àti Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Adúláwọ̀ Ọdún 1980

Ìfáárà

Wọn kò tíì bí mi nígbà tí ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Adúláwọ̀ ní Surúlérè ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹta, ọdún 1980. Síbẹ̀, mo ti mọ orúkọ àwọn tí ó gbá bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà kí n tó mọ orúkọ àwọn ọba tí ó ti jẹ ní ìlú mi. Bàbá mi kì í pe Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí láìfi “Mathematical” ṣáájú, kì í sì í pe Christian Chukwu láìfi “Chairman” kún un. Bí ó bá ti pè wọ́n bẹ́ẹ̀ tán, yóò dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tí ó ń retí ẹni tí yóò gbè é. Èmi ni mo máa ń gbè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí nígbà náà.

Irú ọ̀rọ̀ tí orúkọ wọ̀nyí jẹ́ ni ó jẹ mí lógún nínú iṣẹ́ yìí. Nínú kíláàsì lítíréṣọ̀ alohùn tí mò ń kọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í jiyàn bí mo bá pe ìjálá, ẹkún ìyàwó tàbí ẹ̀sà egúngún ní lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dárúkọ bọ́ọ̀lù, ẹ̀rín ni wọn yóò fi dá mi lóhùn. Èrò tèmi ni pé orúkọ tí rédíò fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ọdún 1980 ń ṣe iṣẹ́ oríkì, a sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ wọ́n wò gẹ́gẹ́ bí oríkì. Ṣùgbọ́n ààbọ̀ oríkì ni wọ́n. Wọ́n mú iyì inú oríkì, wọ́n fi òtítọ́ inú rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ yìí ni ó ń dà wá láàmú títí di òní nígbàkigbà tí ikọ̀ wa bá fìdí rẹmi.

Ìdíje náà àti ohùn tí ó gbé e délé

Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ni ó kópa nínú ìdíje náà. Ìsọ̀rí kan gbá tirẹ̀ ní Èkó, níbi tí Nàìjíríà ti pàdé Tànsáníà, Côte d’Ivoire àti Íjíbítì. Ìsọ̀rí kejì, tí ó kó Algeria, Mòrókò, Gánà àti Gínì jọ, gbá tirẹ̀ ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn, èyí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́. Nàìjíríà fi ayò mẹ́ta sí ẹyọ kan borí Tànsáníà, ó ta ọ̀mì pẹ̀lú Côte d’Ivoire láìsí ayò kankan, ó sì fi ẹyọ kan borí Íjíbítì. Felix Owólabí ni ó gbá ayò kan ṣoṣo tí ó lé Mòrókò lọ sílé wọlé. Ní ọjọ́ àṣekágbá, Ọdẹ́gbàmí gbá méjì sínú àwọ̀n Algeria kí wọ́n tó lọ sinmi, Mudaṣírù Lawal sì fi ẹ̀kẹta kún un lẹ́yìn ìsinmi. Balógun ikọ̀ náà ni Christian Chukwu. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ni Otto Glória, ọmọ ilẹ̀ Bùràsíìlì.

Kí òǹkàwé kíyè sí i pé a kò lè ròyìn ìdíje yìí ní Yorùbá láìlọ sí ìdí ọpọ́n ayò. Àwọn oníròyìn wa ń pe góòlù ní “àmì ayò”. “Ọ̀mì” ni ọ̀rọ̀ wa fún eré tí kò sí ẹni tí ó borí. Èdè Yorùbá ti gba bọ́ọ̀lù sí ìdí eré tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nídìí ọpọ́n ayò, ẹni tí ó borí ní orúkọ, ẹni tí a borí náà ní orúkọ: ọ̀ta ni ti àkọ́kọ́, ọ̀pẹ ni ti èkejì. Ẹni tí ó jẹ́ ọ̀pẹ lónìí lè di ọ̀ta lọ́la, orí ìjókòó kan náà ni wọn yóò sì padà sí. A óò padà sí ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn tí ó wọ pápá Surúlérè ní ọjọ́ náà pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè pọ̀ tó àwọn tí ó jókòó ti rédíò káàkiri orílẹ̀-èdè. Lójú àwọn wọ̀nyí, ohun tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá sọ ni ó ṣẹlẹ̀. Gbajúgbajà jù lọ nínú àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà ni Ernest Okonkwo ti Rédíò Nàìjíríà. Ọmọ Ígbò ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń ṣiṣẹ́, ẹnu rẹ̀ sì ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ “Mathematical” àti “Chairman”.

Orúkọ tí ó ń ṣiṣẹ́ oríkì

Kí ni ó mú mi so orúkọ wọ̀nyí mọ́ oríkì? Ohun mẹ́ta ni.

Èkíní, ìwà àti ìṣe ni wọ́n ti jáde. Oríkì bọ̀rọ̀kìní kì í bọ́ láti ojú ọ̀run. Ẹnì kan ni yóò kíyè sí ohun tí ènìyàn ń ṣe, tí yóò sì fi gbólóhùn kúkúrú dè é mọ́lẹ̀. Chukwu ń darí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn bí alága ìpàdé, ó sì di “Chairman”.

Èkejì, wọ́n ń fi ìró ṣeré. Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù sọ Owólabí di “Owoblow”. Orúkọ àbísọ tí ó ń sọ̀rọ̀ owó ni wọ́n gé láàrin, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìró rẹ̀ jọ ìyókù dí àyè tí ó ṣẹ́ kù, tí orúkọ ìdílé fi wá ní agbára ẹ̀fúùfù àti ẹ̀ṣẹ́ nínú. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí akéwì ṣe ń tú orúkọ palẹ̀, tí ó sì ń tún un tò, yóò mọ̀ pé iṣẹ́ kan náà ni.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ń béèrè ìtàn. Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ọdún 1974, Bọ́láńlé Awẹ́ fi hàn pé a lè fi oríkì wá ìtàn, bí a bá mọ bí a ṣe ń tú u. Karin Barber, nínú ìwé rẹ̀ lórí oríkì ní Òkukù tí ó jáde ní 1991, ṣàlàyé pé gbólóhùn oríkì kì í tú ara rẹ̀. Ìtàn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń gbé ní ẹnu ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni “Mathematical” rí. Àwọn kan so ó mọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí Ọdẹ́gbàmí kà ní Pólì Ìbàdàn. Àwọn mìíràn ní bí ó ṣe ń ṣírò ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ní etí pápá ni. Orúkọ kan, ìtàn méjì: ohun tí àwọn onímọ̀ oríkì ti bá pàdé tipẹ́ nìyẹn.

Ẹnì kan lè fi iṣẹ́ Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá, tí ó jáde ní 1966, ta kò mí pé ohùn ni a fi ń mọ ẹ̀yà ewì alohùn Yorùbá, àti pé rédíò kò ní ohùn bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé Okonkwo kì í sun ìjálá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ bí ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ṣe ń ga bí bọ́ọ̀lù ṣe ń súnmọ́ ilé, tí ọ̀rọ̀ ń yára, tí orúkọ àpọ́nlé ń bọ́ sí ẹnu rẹ̀ ní àkókò tí ẹ̀mí gbogbo ayé wà lókè, kò ní sọ pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Ohùn kan wà níbẹ̀. Àwa ni a kò tíì fún un ní orúkọ.

Ìyàtọ̀ ńlá kan wà tí mi ò ní fi pamọ́. “Ọdẹ́gbàmí” jẹ́ irú orúkọ tí ó ń kéde ìdílé ọdẹ. Bí ó bá jẹ́ pé oníjàálá ni ó di gbohùngbohùn mú, láti ìdí ọdẹ ni ì bá ti bẹ̀rẹ̀. Rédíò fò ó dá. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá, tí ó ń bá orílẹ̀-èdè elédè púpọ̀ sọ̀rọ̀, kò lè ki orílẹ̀ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni nìkan ni ó lè kì. Èmi kò ka èyí sí àdánù pátápátá. Mudaṣírù Lawal, ọmọ Abẹ́òkúta, ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì kí bọ́ọ̀lù tó gbé e dìde. Lórí pápá, kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ọmọ ta ni.

Orí ta ni a ń kì?

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí. Akéwì a máa kọjú sí ẹni tí ó ń kì. “Ìwọ” ni ó ń pè é, ẹni náà a gbọ́, orí rẹ̀ a wú, yóò sì fi owó tàbí ìṣe dáhùn. Lórí rédíò, Ọdẹ́gbàmí kò gbọ́ ohun tí a fi kì í nígbà tí bọ́ọ̀lù wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá mi ni ó gbọ́ ọ. “Òun” ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń pe agbábọ́ọ̀lù. Àwa tí a wà nílé ni “ẹ̀yin”. Orí tí ó wú ní ọjọ́ náà, orí olùgbọ́ ni. Nàìjíríà ń ki ara rẹ̀, ó sì fi ara àwọn ọ̀dọ́kùnrin mọ́kànlá ṣe ohun èlò.

Èyí ṣàlàyé ìdí tí orúkọ náà fi pẹ́ lẹ́nu àwọn tí kò mọ Ọdẹ́gbàmí rí. Ó tún ṣàlàyé ewu tí ó wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé orí tiwa ni a ń kì lára ẹlòmíràn, kí ni a óò ṣe fún ẹni náà ní ọjọ́ tí ó bá dójú ti orí wa?

Àléébù tí kò ní ilé

Ní ọjọ́ 12, oṣù Kọkànlá, ọdún 1977, ní pápá Surúlérè yìí kan náà, Nàìjíríà ń bá Tùnísíà figagbága lórí ẹni tí yóò lọ sí Ife Àgbáyé ní Argentina. Godwin Odiye, ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún wa, fẹ́ fi orí gbá bọ́ọ̀lù dànù, bọ́ọ̀lù sì wọ inú ilé tiwa. Ẹyọ ayò yẹn ni Tùnísíà fi borí wa, àwọn ni wọ́n sì lọ sí Argentina.

Títí di òní, bí àwọn àgbà bá dárúkọ Odiye, ayò yẹn ni ó máa ń tẹ̀ lé e lẹ́nu wọn. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan gbé gbogbo rẹ̀ mì. Rédíò tí ó ní orúkọ fún ọ̀ta kò ní ohunkóhun fún ọ̀pẹ, àfi ìdákẹ́rọ́rọ́.

Oríkì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oríkì Ògún kò fi ẹ̀jẹ̀ tí ó ta sílẹ̀ pamọ́. Oríkì àwọn ènìyàn ńlá lè dárúkọ ìjà tí wọ́n jà tí kò yẹ wọ́n, gbèsè tí wọ́n jẹ, àti ìrísí tí kò wu ojú. Ṣùgbọ́n akéwì kì í fi àléébù sílẹ̀ ní òun nìkan. Àárín ọlá àti akin ni ó ń fi í sí, tí yóò fi di apá kan lára ènìyàn dípò kí ó di gbogbo rẹ̀. Mo gbà pé ọgbọ́n tí ó jinlẹ̀ jù lọ nínú ọnà náà nìyí, òun gan-an sì ni rédíò kò mú.

Èébú pàápàá ní ilé láàrin wa. Ní ilẹ̀ Kétu, alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ni a ń dárúkọ oníwàkiwà ní gbangba. Ṣùgbọ́n ìbà ni Ẹ̀fẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, ó ní àkókò, ó ní ẹni tí a fún láṣẹ láti ṣe é, ilẹ̀ yóò sì mọ́ lé e. Ẹ fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2024. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kejì, Nàìjíríà dé ìpele àṣekágbá ìdíje kan náà ní Abidjan, Côte d’Ivoire sì fi ayò méjì sí ẹyọ kan borí wa. Èébú tí wọ́n rọ́ lu Alex Iwobi lórí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kó àwòrán rẹ̀ kúrò lójú ewé Instagram rẹ̀. Èébú yẹn kò ní ìbà, kò ní olórí, ilẹ̀ kò sì mọ́ lé e. Àwọn tí wọ́n bú u ni wọ́n ti ń yìn ín tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó dun olùgbọ́ inú ilé Bàbá mi ní 1977 ni ó dun àwọn náà: orí wọn ni wọ́n rò pé ó tẹ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ní báyìí, ẹni tí a ń bú ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, nígbà tí kì í gbọ́ oríkì.

Ìgúnlẹ̀

N kò sọ pé kí Okonkwo ti ṣe iṣẹ́ tí a kò rán an. Iṣẹ́ tí ó ṣe tóbi: ó fún orílẹ̀-èdè elédè púpọ̀ ní oríkì tí gbogbo wọn lè gbè. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Yorùbá ni a ní ìmọ̀ tí yóò fi hàn ibi tí iṣẹ́ náà kù sí. Àwọn tí wọ́n gbọ́ rédíò ọdún náà ti ń dàgbà. Kí a gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu wọn, kí a má sì kàn béèrè orúkọ àwọn tí ó borí. Kí a béèrè ohun tí wọ́n pe àwọn tí a borí pẹ̀lú.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Mo bi Bàbá mi pé, “Bàbá, kí ni ẹ ń pe Odiye?” Ó wò mí pẹ́. Ó ní wọn kò pè é ní nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ yẹn tó dé, kò rọrùn kí ẹnikẹ́ni ráyè kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ o.” Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Gbólóhùn oríkì ni, bí ó tilẹ̀ pẹ́ kí ó tó dé.