Akàwé gẹ́gẹ́ bí Alámèyítọ́: ‘Mo’ Mẹ́ta nínú Kíka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ Sínú Ẹ̀rọ

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni iṣẹ́ ẹni tí ń ka ìwé ìtàn àròsọ sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ fún àwọn tí yóò fi etí gbọ́ ọ. Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ wa ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí òǹkọ̀wé, wọ́n sì ti sọ̀rọ̀ lórí òǹkàwé. Wọ́n ti sọ̀rọ̀ pẹ̀lú lórí apohùn, ìyẹn ẹni tí ń sun ìjálá, tí ń sun rárà tàbí tí ń kì ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà láàrin àwọn wọ̀nyí tí a kì í sábàá kà sí: ẹni tí kì í ṣe òun ni ó kọ ìwé, tí kì í sì í ṣe apohùn, tí ó kàn jókòó ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn pẹ̀lú ìwé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀, a ó máa pe ẹni tí ń fi ojú ara rẹ̀ kàwé ní òǹkàwé. A ó máa pe ẹni tí ń kà á sókè sínú ẹ̀rọ ní akàwé. A ó sì máa pe ẹni tí ń fi etí gbà á ní olùgbọ́. Èrò wa ni pé alámèyítọ́ ni akàwé, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Kò sí gbólóhùn tí ó lè là kọjá láìṣe ìpinnu lórí ìtumọ̀ rẹ̀, ìpinnu náà ni olùgbọ́ yóò sì gbà gẹ́gẹ́ bí ìwé fúnra rẹ̀. Ìwé D. O. Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1938, ni a ó fi yẹ èrò yìí wò.

2. Ìtàn ṣókí nípa iṣẹ́ akàwé

Kíkàwé sínú ẹ̀rọ kì í ṣe ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, 1934 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé sínú rẹ́kọ́ọ̀dù fún àwọn tí kò ríran. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1935 ni, àwọn ọmọ ogun tí ojú wọn fọ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní sì wà lára àwọn tí a tìtorí wọn dá a sílẹ̀. Ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù wọ̀nyí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 lọ, nítorí náà ìwé kan ṣoṣo lè gba àpò rẹ́kọ́ọ̀dù kan odidi. Lẹ́yìn èyí ni teepu dé, tí kásẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé e, tí ó fi wá di pé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ara wa ti tó ka odidi ìwé sí.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ewì ni a mọ̀ jù nínú irú iṣẹ́ báyìí. Láńrewájú Adépọ̀jù àti Túbọ̀sún Ọládàpọ̀ gbé ewì wọn dé orí rédíò àti inú rẹ́kọ́ọ̀dù, àwọn tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà sì di olùgbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ akéwì yàtọ̀ sí ti akàwé. Akéwì ni ó ni ọ̀rọ̀. Bí ahọ́n rẹ̀ bá yẹ̀, tàbí bí èrò tuntun bá sọ sí i lọ́kàn, ó lè yí ọ̀rọ̀ padà lójú ẹsẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò mú un. Akàwé kò ní irú òmìnira bẹ́ẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi kún un, kò sì gbọdọ̀ yọ níbẹ̀. Ohun tí ó kù sí ìkáwọ́ rẹ̀ kò ju ohùn, ìdánudúró àti ìwọ̀n eré tí ọ̀rọ̀ ń bá lọ. Inú nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí ni gbogbo ìlàmèyítọ́ rẹ̀ wà.

3. Ohùn kì í wà ní méjì lẹ́ẹ̀kan náà

Ìgbìmọ̀ tí ó ṣiṣẹ́ lórí àkọtọ́ ní 1966, àti àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, ti là wá lọ́yẹ̀ lórí bí a ṣe ń kọ èdè wa sílẹ̀. Síbẹ̀ a kò ṣàìmọ̀ pé ìwé tí àmì ohùn kò pé lórí rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ó pé lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn tí a ṣẹ̀dá fúnra wa yìí, tí a kọ láìfi àmì ohùn sí i: “O ra ọkọ fun ọkọ rẹ.” Ẹnì kan lè kà á pé, “Ó ra ọkọ̀ fún ọkọ rẹ̀.” Ẹlòmíràn lè kà á pé, “Ó ra ọkọ́ fún ọkọ rẹ̀.” Ẹni kẹta lè kà á sí ìwọ tí à ń bá wí, pé, “O ra ọkọ́ fún ọkọ rẹ.” Òǹkàwé lè fi ojú fò ó kí ó sì máa lọ títí ọ̀rọ̀ iwájú yóò fi là á yé e. Akàwé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo ni ẹnu ń mú jáde lẹ́ẹ̀kan, bí ó bá sì ti jáde, ìtumọ̀ kan ti jókòó, àwọn yòókù ti kú.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nípa ìpàrójẹ. Akàwé tí ń ka ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tí ń kọ́ ábídí yóò ba gbólóhùn Fágúnwà jẹ́, nítorí pé gígùn ni gbólóhùn rẹ̀ ń gùn, ọ̀rọ̀ ń gorí ọ̀rọ̀, àwítúnwí sì ń ti àwítúnwí lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń sún gbogbo rẹ̀ kì bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lọ́jà yóò tún sọ iyì rẹ̀ nù. Ayọ̀ Bámgbóṣé, nínú ìwé tí ó kọ lórí àwọn ìtàn àròsọ Fágúnwà ní 1974, ti fi ojú onímọ̀ èdè wo ọnà èdè yìí. Akàwé ni yóò fi èémí ara rẹ̀ wò ó: ibi tí èémí bá ti tán, níbẹ̀ ni yóò ti mọ̀ bóyá òun mọ ibi tí èrò òǹkọ̀wé ti sinmi.

4. ‘Mo’ mẹ́ta

Ìṣòro tí ó tóbi jù nínú ìwé yìí kò sí nínú àmì ohùn rárá. Ó wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré náà, ‘mo’. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ń bá wa sọ̀rọ̀ ni akọ̀wé tí ó jókòó sílé rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Bàbá arúgbó kan wọlé tọ̀ ọ́, ó ní kí ó mú gègé àti tákàdá kí ó sì máa kọ ohun tí òun yóò sọ. Bàbá yìí ni Àkàrà-ògùn, ọmọ ọdẹ àti ọmọ àjẹ́. Láti ibẹ̀ lọ ni òun náà ti ń pe ara rẹ̀ ní ‘mo’. Nígbà tí àwọn ọdẹ bá sì dé Òkè Láńgbòdó, tí wọ́n fi ọjọ́ méje jókòó lọ́dọ̀ Irágbèje onílé ojúméje, Irágbèje náà yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Àkàrà-ògùn, ‘mo’ kẹta yóò sì wọlé. Lórí ìwé, ìpín-afọ̀, àmì ọ̀rọ̀ ẹlẹ́nu àti àlàfo ń ran ojú lọ́wọ́. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ń dún.

Kì í ṣe àròjinlẹ̀ lásán ni ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan tí kò ríran bẹ̀ mí nígbà kan pé kí n ka ìwé náà sínú ẹ̀rọ fún òun. Alaalẹ́ ni mo ń kà á, mo sì fi gbogbo ọkàn sí i kí n má baà ṣi ohùn pè. Nígbà tí ó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ lórí ìwé náà, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àjẹ́ ni ìyá akọ̀wé, àti pé akọ̀wé ni ó wọ Igbó Irúnmalẹ̀. Olùkọ́ fi gègé pupa fa ìlà sí i nídìí, ó sì ní kò ka ìwé náà dáadáa. Òun gan-an gbà bẹ́ẹ̀, ó ní òun ni òun kò fetí sílẹ̀. Mo padà lọ gbọ́ ohun tí mo kà. Ibi tí akọ̀wé ti fi ọ̀rọ̀ lé Àkàrà-ògùn lọ́wọ́ ni mo ti dúró ní alẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní. Ní alẹ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ láti ‘mo’ Àkàrà-ògùn pẹ̀lú ohùn kan náà, bí ẹni tí ń bá ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lọ. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí mo ṣì pè, ṣùgbọ́n mo ti sọ ẹni méjì di ẹnì kan. Mo lọ ṣàlàyé fún olùkọ́ pé akàwé ni ó jẹ̀bi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé àṣìkà lè wà níbi tí kò ti sí àṣìpè.

Ọ̀nà mẹ́ta ni akàwé lè gbà yanjú ìṣòro yìí. Èkíní ni kí ó fi ohùn kan ṣoṣo ka gbogbo rẹ̀, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún olùgbọ́. A ti rí ibi tí èyí já sí. Èkejì ni kí ó ṣe bí òṣèré, kí Àkàrà-ògùn máa gbọ̀n lóhùn bí arúgbó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí dùn ún gbọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lòdì sí ìtàn fúnra rẹ̀: arúgbó ni ó ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin ọdẹ ni ó ń bá ẹbọra jà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ohùn bá ń gbọ̀n jálẹ̀, agbára apá yóò dòfo. Ọ̀nà kẹta, tí àwa fara mọ́, ni kí akàwé fi ohùn sàmì sí oríkèé ìtàn nìkan: ibi tí akọ̀wé ti fi ọ̀rọ̀ lélẹ̀, ibi tí ó ti gbà á padà nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan bá ṣú, ibi tí Irágbèje ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó ti parí. Ìdánudúró tí ó gùn, kí ohùn sì lọ sílẹ̀ díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀. Fágúnwà fúnra rẹ̀ ti la ọ̀nà yìí sílẹ̀, nítorí pé ó pín ìtàn sí ọjọ́, ó sì ń mú wa padà sílé akọ̀wé níbi tí èrò ti ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ láti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá náà.

5. Ohùn Olóhùn-iyọ̀

Ibòmíràn tí ó yẹ kí akàwé ti ṣọ́ra ni ibi tí ìtàn bá ti ń yin ohùn. Ọ̀kan nínú àwọn akọni tí ó lọ sí Òkè Láńgbòdó ni Olóhùn-iyọ̀, ẹni tí orin ẹnu rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Adùn ohùn yìí ṣeé gbàgbọ́ lórí ìwé nítorí pé a kò gbọ́ ọ. Olúkúlùkù òǹkàwé ni ó ń fi èyí tí ó dùn mọ́ ọn jù síbẹ̀. Akàwé tí ó bá wá gbé ohùn sókè láti kọrin bí Olóhùn-iyọ̀ ti sọ ìtàn di irọ́, àyàfi bí kò bá sí olórin tí ó jù ú lọ láyé. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ó ka ọ̀rọ̀ ìyìn náà pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, kí ó sì jẹ́ kí etí inú olùgbọ́ ṣe ìyókù. Nígbà mìíràn, ìwà ọmọlúàbí ni fún akàwé láti mọ ohun tí ẹnu òun kò ká.

6. Àtakò àti ìdáhùn

Ẹnì kan lè wí pé gbogbo èyí ti pọ̀ jù. Pé akàwé dà bí gíláàsì ojú fèrèsé tí a ń wò kọjá, pé èyí tí ó dára jù nínú wọn ni èyí tí a kò rí. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èyí. Ṣùgbọ́n òǹkàwé tí ó bá ṣiyè méjì lè ṣí ìwé padà sẹ́yìn kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Olùgbọ́ tí kò ríran kò ní ìwé mìíràn lẹ́yìn èyí tí a kà fún un. Bí a bá pa ìpinnu wa mọ́ fún un, a ti gba ẹ̀tọ́ àtiyẹ̀ wá lẹ́jọ́ wò lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, kí akàwé má fi ara rẹ̀ pamọ́. Kí ó sọ orúkọ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sọ ẹ̀dà ìwé tí ó lò, kí ó sì sọ ibi tí òun ti yan ohùn kan nígbà tí ìwé gba ju ọ̀kan lọ. Ní ti àwa tí a wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ yìí, nígbàkúùgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi etí ka ìwé, ó yẹ kí iṣẹ́ rẹ̀ dárúkọ akàwé gẹ́gẹ́ bí ó ti ń dárúkọ ẹni tí ó ṣe ìtumọ̀. Kò sí ẹni tí yóò ka ìtumọ̀ tí Wọlé Sóyínká ṣe ní 1968 tí yóò sì sọ pé Fágúnwà ni ó kọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀.

7. Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé iṣẹ́ akàwé kì í ṣe iṣẹ́ ẹnu lásán. Akọ̀wé inú ìwé Fágúnwà gba ohùn arúgbó, ó sọ ọ́ di lẹ́tà. Akàwé gba lẹ́tà náà, ó ń sọ ọ́ padà di ohùn. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe láti òpin méjèèjì, ìbéèrè kan náà ni ó sì yẹ kí a bi wọ́n: ǹjẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, tàbí ẹ̀yin ni ẹ gba ipò rẹ̀? Àwa tí ojú wa là lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìbéèrè yìí. Ẹlẹgbẹ́ wa tí a fi gègé pupa fa ìlà sí iṣẹ́ rẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí akàwé bá fi fún un ni gbogbo ìwé tí ó ní.