Kánsẹ́lọ̀ Gọ́tà, tàbí Ẹjọ́ Àwọn Òǹwòran

Nínú ẹ̀dà ìwé wa tó jáde kẹ́yìn, ọ̀kan nínú wa kọ ọ́ pé ohun tí àwọn òǹwòran ń pariwo rẹ̀ létí pápá kì í ṣe lítíréṣọ̀, pé ariwo ọjà lásán ni. Mo ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ́kọ́ bínú, nígbà tó yá mo rẹ́rìn-ín, torí pé nínú gbogbo nǹkan tí èmi ti kọ láyé mi, èyí tó gbajúmọ̀ jù, etí gọ́tà ni mo ti kọ ọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, n kò sì lo bírò. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí, àwọn èèyàn ò tíì dẹ́kun kíkà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà bẹntiróò kan sì fò láti náírà 65 sí 141. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, ó di ọjọ́ kẹrìndínlógún kí wọ́n tó ní ó tó. Ẹni tó bá mọ Àpápá á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Èbúté tí kì í sùn, ó sùn. Ojú títì tí tírélà ti sọ di ilé bàbá rẹ̀, tí ìyá wa kì í jẹ́ ká sún mọ́, ó ṣófo gbàgede. Gbogbo Èkó ló sọ títì di pápá bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ yẹn. Àwa ọmọ Ajégúnlẹ̀ ní tiwa, lẹ́yìn Boundary níbẹ̀, a lọ háyà kẹ̀kẹ́.

Ẹ mọ kẹ̀kẹ́ háyà, àbí? Bàbá kan á to kẹ̀kẹ́ mẹ́fà tàbí méje sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òmíràn ò ní búréèkì, òmíràn ò ní ṣéènì tó gbà, ẹ ó san náírà 20, bàbá á sì tẹjú mọ́ aago. A dá ìdíje sílẹ̀. Láti iwájú ilé wa, a ó gba ojú títì tó lọ sọ́nà Àpápá, a ó yí po, a ó wá gba àárín ilé padà. Àárín ilé yẹn ni wàhálà wà. Ẹ̀ẹ̀rùn ni o, àmọ́ gọ́tà tiwa kì í mọ ẹ̀ẹ̀rùn. Sìláàbù tó bò ó ti wó, wọ́n fi pákó kan dábùú ẹ̀, omi dúdú sì kún dẹ́nu. Tí a bá dé ibẹ̀, kálukú á bọ́ sílẹ̀, á gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, á fẹsẹ̀ rìn lórí pákó, á sì tún gun kẹ̀kẹ́ lódì kejì.

Ọmọkùnrin kan ò bọ́ sílẹ̀. Ó ń sáré bọ̀, ó fẹ́ gun pákó yẹn kọjá bẹ́ẹ̀. Pákó yẹ̀. Òun àti kẹ̀kẹ́ jábọ́ sínú gọ́tà gbìì. Nígbà tó jáde, ẹyinjú àti eyín ẹ̀ nìkan ló funfun. Gbogbo èèyàn dákẹ́. Ẹ mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, tí ẹ̀rín ń wá ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn fún un. Èmi ni mo ṣí i. Mo ní: "Ẹ kí Kánsẹ́lọ̀ Gọ́tà o!"

Láti ọjọ́ náà kò tún lórúkọ mìíràn.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ara mi, torí ẹlòmíràn ò ní bá mi ṣe é. Tó bá jẹ́ ti èdè, ó dáa. N ò lè parọ́. Ọ̀rọ̀ méjì ni, ẹnu ọmọdé gbà á, ó ṣeé pàtẹ́wọ́ sí. Ó sì ní ìtumọ̀ abẹ́nú. Ìgbà ìdìbò nìkan ni kánsẹ́lọ̀ máa ń wá wo gọ́tà wa, á dúró, á mirí bí ẹni tó wá ṣe ìdárò, ó dìgbà yẹn o. Torí náà, ẹni tó ti inú gọ́tà gan-an jáde yìí ni kánsẹ́lọ̀ àkọ́kọ́ tó wọnú iṣẹ́ náà tọkàntara. Àwọn àgbàlagbà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kì í ṣe àwa ọmọdé. Wọ́n gbọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Ibi tó ti bàjẹ́ ni pé ẹni tó jẹ gbèsè gọ́tà yẹn ò sí níbẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni mo gbé gbèsè náà fún, ó sì ń san án.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni mo ṣèèṣì rí fídíò eré kẹ̀kẹ́ kan lórí fóònù, ni mo bá dìde dúró. Cyclo-cross ni wọ́n ń pè é. Ìlú Bẹ́ljíọ̀m àti Họ́lándì ni wọ́n ti fẹ́ràn ẹ̀ jù, ìgbà òtútù ni wọ́n sì ń ṣe é, nínú ẹrẹ̀, nínú iyanrìn, lórí koríko tó ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Ojú ọ̀nà náà kì í gùn, bíi kìlómítà mẹ́ta, wọ́n á máa yí i po. Àwọn tó ń jẹun nídìí ẹ̀ máa ń sá a tó wákàtí kan, àwọn aláfẹ́ a máa sá tiwọn fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Wọ́n á fi pákó dábùú ọ̀nà, gíga ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ. Ọ̀pọ̀ eléré, tó bá débẹ̀, á bọ́ sílẹ̀, á gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, á fẹsẹ̀ sáré. Ṣé ẹ rí i? Ohun tí àwa náà ṣe ni! Àmọ́ àwọn díẹ̀ wà tí kì í bọ́ sílẹ̀, tí wọ́n á gbé ara àti kẹ̀kẹ́ fò lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni àwọn òǹwòran ti máa ń ya wèrè. Ohun tí ọmọkùnrin wa fẹ́ ṣe nìyẹn. Oríkì ló tọ́ sí i. Èmi ni mi ò mọ̀.

Àwọn òǹwòran eré yìí ni mo wá ń wò ju eré lọ. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn aláfẹ́ ti ń sá a, wọ́n á máa lu agogo tí wọ́n ń so mọ́ màlúù lọ́rùn, wọ́n á na ife bíà tàbí dọ́là kan sí eléré lórí ìrìn. Ẹni tó bá dúró gbà á á pàdánù ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, àmọ́ wọ́n á hó fún un ju ẹni tó ń gba ipò kìíní lọ. (Níbí, òfin ilé ìfowópamọ́ àgbà ti ọdún 2007 ti sọ náírà níná lóde àríyá di ẹ̀ṣẹ̀. Dọ́là ni ti wọn, kò kàn wá.) Wọ́n á sì bú wọn. Ẹni tó bá gbẹ́yìn, wọ́n á bi í bóyá ó ń wá ilé ni. Kò sẹ́ni tó ń bínú, mo sì ń rò ó kí ló fà á. Ìdí ẹ̀ rèé: wọ́n pín eré náà sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí, lọ́jọ́ kan náà, lójú ọ̀nà kan náà. Ẹni tó ń bú ẹ báyìí ti wọ aṣọ eré sábẹ́ kóòtù. Tó bá ku díẹ̀, òun náà á wọnú ẹrẹ̀, ìwọ á sì dúró tì í.

Ẹ wá wo ti àwọn ọ̀gá. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2023, ní Hulst, ní Họ́lándì, Mathieu van der Poel, ẹni tó borí nínú ìdíje àgbáyé eré náà lọ́dún yẹn, tutọ́ sọ́nà ibi tí àwọn òǹwòran kan wà. Ó ní èébú wọn ti sú òun. Òun ló borí lọ́jọ́ náà, wọ́n sì tún bu owó ìtanràn lé e, 250 owó ilẹ̀ Switzerland. Itọ́ títu ò dáa, ìyá mi á gbá mi létí tó bá jẹ́ èmi. Àmọ́ àwọn tó dúró sẹ́yìn okùn yẹn, tíkẹ́ẹ̀tì àti bíà ni wọ́n rà, ìkankan nínú wọn ò ní gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ van der Poel ò sì ju pé ó ń borí jù.

Ọdún 1950 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje àgbáyé cyclo-cross, ní Paris, Jean Robic ọmọ Faransé ló gbé e. Ọdún yẹn náà ni pápá Maracanã ní Brazil rí ìbànújẹ́ ẹ̀. Ẹ ó ní kí ló kan Ajégúnlẹ̀. Àwa náà ní Maracana tiwa, pápá tí a fi orúkọ tiwọn pè. Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún yẹn, lójú èèyàn tó lé ní 170,000, Uruguay na Brazil ní 2-1. Wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ lé Barbosa tó wà ní gòólù lórí. Mọ́kànlá ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, ẹnì kan ló ru ẹrù. Ó rù ú títí ó fi kú lọ́dún 2000. Ẹ ṣírò ẹ̀: àádọ́ta ọdún.

Nígbà tí mo kà nípa Barbosa ni mo tó rántí JSS 3. Ọmọkùnrin tiwa fẹ́ ṣe olórí kíláàsì. Ó dìde láti sọ̀rọ̀, ó ti kọ ọ́ sínú bébà, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní "Gọ́tà!" Gbogbo kíláàsì gbè é. Ó ká bébà ẹ̀, ó padà jókòó. Èmi kọ́ ni mo pariwo lọ́jọ́ yẹn o. Wọn ò nílò mi mọ́, iṣẹ́ mi ti ń dá rìn.

Kí ẹ má baà rò pé mo fẹ́ ká máa dákẹ́ létí pápá. Rárá. Maracana tiwa láìsí ariwo, kí ni mo fẹ́ lọ wò? Ẹ gbọ́ Ìjọ, Ùròbò, Ìgbò, Ìlàjẹ, gbogbo wọn ń fi pijin bú rẹfirí kan ṣoṣo. Tí gòólù bá wọlé, galala ni wọ́n á jó. Ìyá kan máa ń ta bọ̀ọ̀lì níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan sẹ́ńtà kan gbá bọ́ọ̀lù gba orí gòólù kọjá, ó wọnú àdúgbò lọ. Ìyá yìí ò dìde lórí àpótí. Ó ní: "Ọmọ mi, ibi tí o gbá a sí yẹn, èmi ni mò ń gbébẹ̀. Kò sí ilé gòólù níbẹ̀!" Pápá wó lulẹ̀. Ọmọ náà fúnra ẹ̀ dìmú lórúnkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn eré, mo rí i lọ́dọ̀ ìyá náà, ó ń jẹ bọ̀ọ̀lì, mi ò sì rí i kó sanwó. Ẹ wo bí ìyá yẹn ṣe hun ún: ó kọ́kọ́ pè é lọ́mọ, ó gbé ara ẹ̀ sínú àwàdà, àṣìṣe ìtàpá kan ló bú, kò bú ọmọ. Ó sì jókòó síbi tí ọmọ ti lè wá bá a. Ẹ̀dá ọ̀rọ̀ yẹn ju tèmi lọ fíìfíì.

Ẹni tó kọ̀wé lóṣù tó kọjá ì bá rántí Ẹ̀fẹ̀. Láwùjọ Kétu àti Yewa, òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde lójú ọjà, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó ní ọ̀sán. Ó ń bú èèyàn, ó ń bú ọba gan-an tó bá yẹ, UNESCO sì ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́dún 2001 pé ogún gbogbo ayé ni. Ṣùgbọ́n ó ń júbà kó tó bú. Ó gbé agọ̀ wọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ta ni kò mọ ohùn ẹ̀? Bílẹ̀ bá mọ́, òun àti ẹni tó bú lè pàdé lọ́nà oko.

Odion Ighalo, ọmọ Ajégúnlẹ̀, tí wọ́n bí lọ́dún 1989, tó gbá bọ́ọ̀lù ní Maracana tiwa, kò rí ìyá oníbọ̀ọ̀lì ní Rọ́ṣíà. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2018, Argentina na wá ní 2-1, Ighalo sì pàdánù àyè. Orí fóònù ni wọ́n ti bú u, wọ́n fi ikú halẹ̀ mọ́ òun àti ìdílé ẹ̀. Lọ́dún 2019 tó tẹ̀lé e, òun ló gba gòólù márùn-ún wọlé ní ife Áfíríkà ní Íjíbítì, tí kò sẹ́ni tó tó o. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní òun fi Super Eagles sílẹ̀. Ó padà wá nígbà tó yá, àmọ́ n ò ní gbàgbé pé àdúgbò mi wà lára àwọn tó ń tẹ fóònù lálẹ́ ọjọ́ Argentina yẹn. Mo rí wọn. Fóònù ọ̀kan nínú wọn, èmi ni mo yá a ní kíréédì.

Ó ku àwa. Níbi ìpàdé ìkéwì wa tó kọjá, iná lọ. Ọmọbìnrin Jámbáìtì kan ń ka ewì ẹ̀ lọ nínú òkùnkùn, ó ń fi fóònù tanná. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní "Ó tó o, ìyá ìjọ!" A rẹ́rìn-ín. Ọmọ yẹn ò wá mọ́. Ìlà kẹta ewì yẹn dáa ju ohun tó pọ̀ nínú ìwé yìí lọ, tèmi pẹ̀lú. Mo mọ ẹni tó pariwo. Ọdún kejì ẹ̀ rèé nínú ẹgbẹ́, kò tíì ka nǹkan kan síwájú wa rí. Mo ń dá a lábàá fún àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ pé kí ẹni tó bá pariwo máa ka tiẹ̀ tẹ̀lé e, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí iná wà, kí iná má wà. Kálukú wọ aṣọ eré wá.

Nígbà ìsinmi tó lọ, mo délé. Ọmọkùnrin wa ń ṣe fọkanáísà báyìí, lẹ́bàá ibi tí gọ́tà yẹn wà. Ó dojú kọ táyà kan, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo ti múra ohun tí mo fẹ́ sọ láti Akọka. Mo pè é ní orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́. Kò wẹ̀yìn. Mo tún un pè, mo pariwo ẹ̀ díẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Mo wá ní, "Kánsẹ́lọ̀."

Ó yíjú. "Ọ̀rẹ́, o ti dé? Ṣé táyà ni?"