Orin Àwọn Onítìróò

Ohùn dùùrù kan ṣoṣo ló ṣí orin náà. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ẹni tó bá jẹ́ ọ̀dọ́langba ní Amẹ́ríkà láàárín 2004 sí 2007 ti mọ ohun tó ń bọ̀. "Welcome to the Black Parade" ni, orin ẹgbẹ́ My Chemical Romance, tó jáde ní 2006. Dùùrù á máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ohùn Gerard Way á wọlé wẹ́rẹ́, á máa sọ ìtàn ọmọ kékeré kan tí bàbá rẹ̀ mú lọ wo ìwọ́de. Ìlù ṣọ́jà á bẹ̀rẹ̀ sí í ró lábẹ́ rẹ̀, gìtá á dara pọ̀ mọ́ ọn. Ìgbà tí ara ẹni bá ti balẹ̀ sínú ìrìn jẹ́jẹ́ yìí ni gbogbo rẹ̀ á dédé ya eré, ìlù á gbóná, akọrin á sì fi gbogbo ọ̀fun kígbe. Ó ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kò sì sí ibì kan tó dúró sójú kan nínú rẹ̀.

Emo ni wọ́n ń pe irú orin yìí. Washington ló ti ṣẹ̀, ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ orin hardcore. Orin gìtá aláriwo ni hardcore, orin ìbínú sí ìjọba àti àwùjọ. Ẹgbẹ́ Rites of Spring, tí àwo wọn jáde ní 1985, mú ariwo yẹn kan náà, wọ́n fi sọ ti inú ara wọn: ìfẹ́ tó bàjẹ́, ọ̀rẹ́ tó lọ, ìgbà tí kò ní padà mọ́. Kó tó dé etí tiwa, Jimmy Eat World láti Arizona àti Dashboard Confessional láti Florida ti gbé e dé orí MTV.

Inú middle school ni mo wà nígbà náà, kíláàsì kẹfà dé ìkẹjọ, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá JSS nílé dọ́gba. East Orange ní New Jersey la ń gbé. Belleville tí wọ́n ti tọ́ Gerard Way àti Mikey àbúrò rẹ̀ dàgbà kò jìnnà sí wa rárá, ìyẹn sì ń mú orí wa wú. Nínú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, èmi àti ọ̀rẹ́ mi á pín wáyà iPod, ó fi ọ̀kan sí etí ọ̀tún, mo fi ìkejì sí etí òsì. A kì í sọ̀rọ̀ títí bọ́ọ̀sì á fi dúró.

Ohun tí àgbàlagbà kọ́kọ́ máa ń rí lára àwọn olórin yìí ni aṣọ dúdú látòkè délẹ̀, irun tó bo ojú kan, àti tìróò tí ọkùnrin lé yí ojú ká. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò kọjá ibẹ̀ dé ìdí orin náà. Ó dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nínú rẹ̀ kò kéré. Ẹ wo Fall Out Boy, láti Wilmette lẹ́bàá Chicago. Pete Wentz ló ń kọ ọ̀rọ̀, Patrick Stump ló ń wá ohùn sí i, òun náà ló sì ń kọ ọ́ lórin. Ọ̀rọ̀ Wentz máa ń pọ̀ ju àyè tó wà fún un lọ. Stump á fa sílébù kan gùn, á fún mẹ́ta pọ̀ sójú kan, títí gbogbo rẹ̀ á fi wọlé. Ìwé pélébé inú àpò CD From Under the Cork Tree, tó jáde ní 2005, ni mo fi ń tọ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn, títí igun ìwé náà fi rún. Pé ìyá Wentz wá láti ìdílé ará Jàmáíkà tún ṣe pàtàkì lójú ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń bi pé kí ló wá ṣe nídìí orin òyìnbó.

Ṣùgbọ́n "Helena", orin My Chemical Romance, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Elena ni orúkọ ìyá àgbà àwọn Way, tó kọ́ Gerard lórin àti àwòrán, tó sì kú ní 2003. Òun ni wọ́n kọ orin náà fún. Nínú fídíò rẹ̀, pósí wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, òkú dìde, ó jó láàárín àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀, ó sì padà sùn. Ẹgbẹ́ náà gbé pósí jáde sínú òjò láàárín agboòrùn dúdú. Ọdún tí fídíò yẹn gbòde ni ìyá bàbá mi kú ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Owó ọkọ̀ òfuurufú kò ká gbogbo wa, bàbá mi nìkan ló lọ sin ín. VCD ìsìnkú náà ni àwa rí: aṣọ ẹbí, àwọn onífèrè, àwọn ọmọ tó gbé pósí jó káàkiri àdúgbò.

Mọ́mì mi ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi lọ́jọ́ kan tí mo ń gbọ́ "Helena", wọ́n dúró.

"Àlàní, ta ló kú tí wọ́n ń ké tó báyìí?"

"Ìyá àgbà wọn ni, mà."

Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbọ́ ọ tán. "Wọ́n mà sin ìyá wọn dáadáa," ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sí ilé ìdáná.

Mọ́mì mi mọ ohun tí wọ́n gbọ́. Nínú ẹkún ìyàwó, ọmọbìnrin tó ń lọ ilé ọkọ á dúró níwájú òbí rẹ̀, á fi ewì tú ẹ̀rù ọkàn rẹ̀ síta, kò sì sẹ́ni tó máa ní ó ń ṣe àṣejù. Irú àyè bẹ́ẹ̀ ni emo ṣí fún ọmọ ọdún méjìlá. Hayley Williams, olórí akọrin Paramore láti Franklin ní Tennessee, kò ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ nígbà tí Riot! jáde ní 2007. Ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ ló ń sọ, kò sì dúró de ìgbà tó máa dàgbà kó tó sọ ọ́.

Àwọn kan rí ewu nínú rẹ̀. Ní 2008, ìwé ìròyìn Daily Mail ní Bírítéènì kọ ọ́ bí ẹni pé emo ń ti ọmọdé sí pípa ara wọn, àwọn ọ̀dọ́ sì wọ́de lọ sí iwájú ọ́fíìsì wọn ní London. Ẹni tó bá gbọ́ The Black Parade, àwo tí orin tí mo fi bẹ̀rẹ̀ wà nínú rẹ̀, dé òpin kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ìtàn aláìsàn jẹjẹrẹ kan ni àwo náà. Ikú wá bá a ní àwọ̀ ohun tó dùn mọ́ ọn jù láyé rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ onífèrè tó rí ní kékeré. Ọmọ Yorùbá tó ti rí i bí wọ́n ṣe ń fi fèrè sin àgbà kò nílò kí ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀ fún un. "Famous Last Words", tó kẹ́yìn nínú àkójọ orin rẹ̀, ìpinnu láti wà láàyè ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹgbẹ́ My Chemical Romance tú ká ní 2013, wọ́n sì padà sórí ìtàgé ní 2019. Ní 2025, wọ́n kọ The Black Parade láti orin àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn ní àwọn pápá ìṣeré ńlá Amẹ́ríkà, títí kan MetLife ní New Jersey tiwa. Nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́ ní ọjọ́ orí yẹn, àwo yìí ló dára jù. Bí ẹ kò bá tíì gbọ́ ọ rí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orin àkọ́kọ́, ẹ má sì fo ọ̀kankan.