Ọmọ Ìta Di Akéwì: Dagrin, Djay àti Òdiwọ̀n Oríkì

Ìgbà kan wà tí ó jẹ́ pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ Yorùbá bóyá orin rap jẹ́ ara lítíréṣọ̀ wa, ẹ̀rín ni olùkọ́ náà yóò fi dá a lóhùn. Ẹ̀rín náà kò tó mọ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, pàápàá ní àdúgbò Under G tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá fi ṣe ibùgbé, orin yìí ni ó ń jí àwọn ọ̀dọ́ lójú oorun, òun náà ni ó sì ń sìn wọ́n dé orí ibùsùn. Àwọn ọmọ tí wọn kò lè ka ìlà márùn-ún lórí nínú ewì tí a yàn fún ìdánwò ń ka odindi orin rap láìṣi ohùn pè. Bí àwa olùkọ́ bá kọ̀ láti ṣe lámèyítọ́ rẹ̀, a ti yọ ara wa kúrò nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ wa ń bá ara wọn sọ.

Ìtàn kan rọ̀ mọ́ orin yìí bí ìkarahun ṣe rọ̀ mọ́ ìgbín. Ọmọ ìta kan wà, kò ní iṣẹ́, kò ní owó, kò ní ẹni tí yóò ti ilẹ̀kùn fún un. Ohùn ẹnu rẹ̀ nìkan ni ó ní, òun ni ó sì fẹ́ fi ra ara rẹ̀ padà lọ́wọ́ ìgboro. Ìtàn yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ mẹ́ta: àwo orin C.E.O. tí Dagrin gbé jáde ní 2009, fíìmù Ghetto Dreamz tí a fi ìgbésí ayé Dagrin ṣe ní 2011, àti fíìmù àwọn ará Amẹ́ríkà kan, Hustle & Flow, ti ọdún 2005. Èrò tèmi ni pé oríkì ni òdiwọ̀n tí ó yẹ kí a fi wọn irú ìtàn bẹ́ẹ̀, nítorí pé oríkì kì í fi àbùkù ẹni tí ó ń kì pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọlé àwo orin náà. Chief Executive Omoita ni C.E.O. dúró fún. Ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọ́fíìsì: ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ńlá, oníkóòtù àti táì. Etí olùgbọ́ ti múra sílẹ̀ de ọ̀rọ̀ olóyè kẹta, “ọmọ ìta” ni ó sì bá níbẹ̀. A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni a wá rí i pé ẹ̀rín nìkan kọ́. Èébú ni “ọmọ ìta” lẹ́nu ìyá ọmọ. Ọládàpọ̀ Ọláìtán Ọláònípẹ̀kun, ẹni tí ayé mọ̀ sí Dagrin, mú èébú náà, ó dé e ládé òyìnbó, ó sì fi jẹ oyè. Àwọn jagunjagun ayé àtijọ́ mọ irú ọgbọ́n yìí dáadáa nígbà tí wọ́n bá ń fún ara wọn ní orúkọ ìnagijẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá bi nípa ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ nínú ìdánwò kò ní rí àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere ju àkọlé yìí lọ.

Ọ̀rọ̀ ohùn ni ó kàn, òun gan-an ni ó sì yẹ kí ó jẹ olùkọ́ Yorùbá lógún jù lọ. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ Yorùbá nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì fi í sínú ohùn orin òyìnbó: orin gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀kalẹ̀, orin sọ̀kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti gòkè, ìtumọ̀ sì sọnù sáàárín. Orin rap kò ní irú ìṣòro yìí. Pípè ni a ń pe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé ìlù lórí, nítorí náà ohùn ọ̀rọ̀ kò ní ohun tí yóò bá a jà. Ní ti èyí, ó súnmọ́ ìjálá, ẹ̀sà egúngún àti rárà àwọn ará Ọ̀yọ́ ju bí ó ti súnmọ́ ìwé orin ìsìn lọ. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Olórin rap Gẹ̀ẹ́sì gbẹ́kẹ̀ lé kí òpin ìlà kan dún bí òpin ìlà kejì. Ní èdè tiwa, níbi tí fáwẹ́lì àìránmúpè jẹ́ méje péré, tí kọ́ńsónáǹtì kì í sì í parí sílébù, irú ìdúnjọra bẹ́ẹ̀ pọ̀ bí iyanrìn. Ẹni tí ó bá gbára lé e nìkan kò tí ì ṣe nǹkan kan. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni akéwì Yorùbá fi ń ṣe ẹwà. Ibẹ̀ ni Dagrin ti yege. Nínú orin rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù, Pon Pon Pon, sílébù kan ṣoṣo tí ó sọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ti di ìlù kí ìlù gan-an tó wọlé. Àwítúnwí ni, ṣùgbọ́n àwítúnwí tí ó mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Ẹ̀sùn tí ó kù ni ti àmúlùmálà èdè. Òótọ́ ni: Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Píjìnì ni Dagrin ń pò pọ̀. N kò rò pé ẹ̀bi ni èyí ní gbogbo ìgbà, nítorí pé ìgboro Èkó tí ó jẹ́ ibùdó orin náà ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti gba ipò ọ̀rọ̀ Yorùbá tí akéwì kò fẹ́ wá rí ni ó ti di àléébù, irú ibẹ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n nínú àwo orin náà. 9ice, tí orírun rẹ̀ jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ wa yìí, ṣọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú Gongo Aso ti 2008. Òwe àti àṣàyàn ọ̀rọ̀ tí ó fi sínú rẹ̀ jẹ́ kí àwọn àgbà náà lè jókòó tì í. Ṣùgbọ́n kíkọ ni 9ice ń kọ orin tirẹ̀, kì í pè é bí rap.

Ní 14 oṣù kẹrin ọdún 2010 ni ọkọ̀ Dagrin lọ kọlu ọkọ̀ ńlá kan tí ó dúró ní Mushin. Ó kú ní ọjọ́ 22 oṣù kan náà ní ilé ìwòsàn ńlá LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni Ghetto Dreamz jáde. Daniel Ademinokan ni ó darí rẹ̀, Trybson Dudukoko ni ó sì ṣe Dagrin nínú rẹ̀. Kí a tó dá fíìmù yìí lẹ́jọ́, ó yẹ kí a mọ ẹ̀yà tí ó jẹ́. Ìrèmọ̀jé ni. Òǹwòran ti mọ ìparí rẹ̀ kí ó tó jókòó. Ọ̀fọ̀ ṣì wà nílẹ̀, ìyá àti ará ṣì ń sunkún. Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, kò sí olùdarí eré tí yóò lè bi òkú ní ìbéèrè líle, n kò sì dá a lẹ́bi. Fíìmù tí a gbé ka ẹni tí ikú ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ ń ru ẹrù tí ìtàn àròsọ kò ní láti rù. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a kọjá sí òkè òkun fún ìgbà díẹ̀, kí a rí ohun tí ìtàn kan náà lè sọ nígbà tí kò sí òkú nílẹ̀.

Craig Brewer ni ó kọ Hustle & Flow tí ó sì darí rẹ̀; ìlú Memphis ni ibùdó ìtàn. Djay, tí Terrence Howard ṣe, ni olú ẹ̀dá ìtàn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣeé fi ọ̀rọ̀ dídùn bò: ó ń fi àwọn obìnrin ṣòwò aṣẹ́wó, ó sì tún ń ta oògùn olóró. Ọwọ́ ẹnì kan tí ó fẹ́ ra oògùn ni ó ti gba dùùrù kékeré kan, dùùrù náà sì jí ìrètí tí ó ti kú nínú rẹ̀. Òun, Key tí í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, àti Shelby tí ó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, sọ yàrá kan nínú ilé rẹ̀ di ibi ìgbohùnsílẹ̀. Wọ́n lẹ páálí mọ́ ògiri. Ooru mú púpọ̀, síbẹ̀ wọn kò lè tan fáànù, nítorí pé ariwo rẹ̀ yóò wọ inú orin. Ìran yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀pọ̀ fíìmù a máa fi olórin hàn wá lórí ìtàgé nìkan, bí ẹni pé orin ń ti ojú ọ̀run bọ́. Níbí, a rí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n gbé kalẹ̀, tí wọ́n yọ kúrò, tí wọ́n fi òmíràn rọ́pò. Shug, obìnrin tí ó lóyún, tí ojú ń tì láti la ẹnu, ni a ní kí ó gbe orin. Ó ṣe é jẹ́jẹ́ ní àkọ́kọ́. Nígbà tí ó yá, ohùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Bí elégbè ṣe ń gba orin lọ́wọ́ olórin wa nìyẹn, ẹni tí ó bá ti lọ sí ìgbéyàwó ní Ọ̀yọ́ rí yóò dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n máìkì tí Shug fi kọrin ńkọ́? Wọn kò ní owó láti ra èyí tí ó dára. Djay mú Nola, ọ̀dọ́bìnrin funfun tí ó ń ṣiṣẹ́ fún un, lọ sí ilé ìtajà, ó sì fi ara Nola ra máìkì náà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ọjà. Nola bínú, ó sunkún, ó sọ ọ́ fún un pé kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ sí òun mọ́. Ìran yìí kò gùn, síbẹ̀ òun ni ó gbé fíìmù náà kúrò ní ipò ìpolówó ọjà. Gbogbo ìgbà tí orin náà bá tún dún, tí ó sì wọ̀ wá létí, a mọ iye tí a rà á àti ẹni tí ó san owó rẹ̀.

Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò gbọdọ̀ ṣàjèjì sí irú ìtàn yìí. Gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti ń pa á, ẹlẹ́wọ̀n ni Ògúnlọlá nígbà tí ó dé Ọ̀yọ́-Ilé. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni ó wà lọ́rùn rẹ̀. Láti inú àtìmọ́lé ni ó ti lọ dojú kọ Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí ó ń da Ọ̀yọ́ láàmú. Ó pa á, ó gbé orí rẹ̀ wá fún Aláàfin, a sì dá a sílẹ̀. Láti ara ẹni tí ó gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ni orúkọ ìlú wa ti jáde. Kò sí ẹni tí ó yọ ẹ̀wọ̀n náà kúrò nínú ìtàn kí ọlá Ṣọ̀ún lè mọ́lẹ̀ sí i. Bákan náà ni a ń ki Oníkòyí. Ogun ni a fi ń kì í, a sì mọ ohun tí ogun ń ṣe sí ilé onílé. Akígbe tí ó bá fo ibi tí kò dára ti di ẹni tí ó ń tọrọ owó.

Bí a bá fi òdiwọ̀n yìí wọn Hustle & Flow títí dé òpin, ó gba máàkì púpọ̀, ṣùgbọ́n kò gbà á tán. Djay gbé orin rẹ̀ lọ fún Skinny Black, ọmọ Memphis tí ó ti di olókìkí. Nígbà tí ó ṣe, ó rí káàsẹ́ẹ̀tì náà nínú ilé ìgbẹ́. Ìjà dé, ìbọn dún, Djay di ẹlẹ́wọ̀n. Nola, ẹni tí a tà nítorí máìkì, ni ó kiri títí tí orin náà fi dé orí rédíò. Nígbà náà ni wọ́dà ẹ̀wọ̀n wá fa káàsẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lé Djay lọ́wọ́. Àhunpọ̀ ìtàn náà gún régé: ẹni tí ó ń bẹ̀bẹ̀ lánàá ni a ń bẹ̀ lónìí. Ibi tí ó gún jù ni ẹ̀rù rẹ̀ ti bà mí, nítorí pé ìdùnnú ìparí yẹn fẹ́ kí a dárí ji Djay kí a tó ka gbèsè rẹ̀ tán. Nola gba iṣẹ́ tí ó wù ú, Shug rí ohùn. Obìnrin kẹta wà nínú ilé náà, Lexus, tí Djay lé jáde tòun ti ọmọ rẹ̀ nítorí pé ó fi orin náà ṣe yẹ̀yẹ́. Djay di olórin, káàsẹ́ẹ̀tì ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, rédíò ń dún. Kò sì sí ẹnì kan nínú fíìmù náà tí ó béèrè ibi tí òun àti ọmọ náà sùn ní alẹ́ ọjọ́ yẹn.