Ọjà Wo Ni Ọkùnrin Yìí Ń Lọ?

Ère igi kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Newark, ní Amẹ́ríkà. Ọkùnrin kan ni, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere là ń wí o, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ní ọ̀rúndún ogún ni Yorùbá kan gbẹ́ ẹ, wọ́n sì fi ọ̀dà kùn ún. Gíga rẹ̀ kò tó mítà kan. Ẹ lè wá fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù yín. Àwa ti wò ó títí. Ère náà dùn ún wò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ wá lọ́kàn.

Ní 1987, Center for African Art ní New York pe ènìyàn mẹ́wàá pé kí wọ́n wá ṣa iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà tó bá wù wọ́n fún àfihàn kan. James Baldwin, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, wà lára wọn, ó sì mú ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ yìí. Nínú ìwé àfihàn náà, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé aṣọ ọkùnrin náà àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àṣà òyìnbó ti ràn án, àti pé ó jọ pé oníṣòwò tó ń lọ sọ́jà ni. Ó tán. Wọn ò dárúkọ agbẹ́gilére.

Kwame Anthony Appiah fèsì sí ọ̀rọ̀ náà nínú àròkọ kan ní 1991, ó sì tún gbé e wọ ìwé rẹ̀, In My Father's House, ní 1992. Ohun tó ń sọ, ní kúkúrú, ni pé ẹni tó gbẹ́ ère náà ò bìkítà ta ló kọ́kọ́ ṣe kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀ nítorí pé ó ń gbé ènìyàn dé ibi tí ẹsẹ̀ ò lè gbé e dé. A gbà pẹ̀lú rẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Ta ló ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko, tó ń rò ó lọ́kàn pé nǹkan òyìnbó ni òun gùn?

Ṣùgbọ́n Appiah bá wọn jà lórí kẹ̀kẹ́ ni. Àwa fẹ́ bá wọn jà lórí ọjà. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ pé ọkùnrin náà ń lọ sọ́jà, ṣe ló dà bí ẹni pé ibi tó ń lọ ò jìnnà, pé yóò ra iyọ̀ díẹ̀, yóò sì padà wálé jẹun ọ̀sán. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Yewa ò ní ka ọ̀rọ̀ yẹn báyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú yín dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Paris. Ìlà tó ti inú ìwé yẹn jáde ló fi Kétu sí ọwọ́ Faransé, tó sì fi Ìmẹ̀kọ, tí í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀, sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ fúnra rẹ̀, kọ ìtàn náà sínú ìwé rẹ̀, Western Yorubaland Under European Rule, tó jáde ní 1976. Ó fi hàn níbẹ̀ bí àwọn ará apá Faransé ṣe ń kó ẹrù wọn sá wá sí apá Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí iṣẹ́ àfipáṣe àti ìkónisọ́gun pọ̀ jù fún wọn. Àwọn yẹn ò pe ara wọn ní arìnrìn-àjò. Ilé ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n ń lọ.

Láti ìgbà náà, ọjà tó jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé ló wà tẹ́lẹ̀ ti di ọjà ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tó bá ti Ìmẹ̀kọ lọ ná ọjà ní Kétu ti kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Owó tí yóò ná níbẹ̀ yàtọ̀, èdè tí aṣọ́bodè yóò fi bi í léèrè yàtọ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ìyá olọ́jà yóò fi kí i káàbọ̀. Nítorí náà, bí ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ inú ère yìí bá jẹ́ ará ibí, "ó ń lọ sọ́jà" lè túmọ̀ sí pé ó ń la orílẹ̀-èdè méjì kọjá kí oòrùn tó wọ̀.

Kì í sì í dá lọ. Ibí yìí la ti rí àléébù nínú ère náà fúnra rẹ̀. Agbẹ́gilére gbẹ́ ọkùnrin kan ṣoṣo. Lójú ọ̀nà oko àti ọ̀nà ọjà, ẹgbẹ́ ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ sábà máa ń kó rìn. Táyà lè jò láàárín igbó, ẹnìkan á sì ní pọ́ǹpù lọ́wọ́, ẹlòmíràn á ní gọ́ọ̀mù. Bí òkè bá ga, ẹni méjì á ti kẹ̀kẹ́ ẹni tí àpò kòkó rẹ̀ wúwo jù. Bí aṣọ́bodè bá wà níwájú, ẹni tó ṣáájú á padà wá sọ. Ní Àjàṣẹ́, ní òdìkejì ẹnubodè, kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n ti fi ń gbé èrò kí alùpùpù tó wá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìyẹn ìrìn-àjò ni, àbí kí ni ká pè é?

Ẹ wá wo ẹni tí àwa Yorùbá ń pè ní arìnrìn-àjò. Ọlábísí Àjàlá ni. Ní 1952, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles, ó lé ní máìlì 2,200, pẹ̀lú aṣọ ìbílẹ̀ wa lọ́rùn, ó sì ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ Áfíríkà lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló gun Vespa káàkiri ayé, tó sì kọ ìwé An African Abroad, tó jáde ní 1963. Ebenezer Obey kọ ọ́ lórin, orúkọ rẹ̀ sì di orúkọ gbogbo ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbélé. Títí dòní, bí ọmọ bá ti ń jáde jù, ìyá rẹ̀ á ní, "Àjàlá, o tún ti dé?"

A ò bu Àjàlá kù o. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ la Amẹ́ríkà já ní 1952, nígbà tí òfin ìyàsọ́tọ̀ ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ó láyà. Bí ẹ bá ka ìwé rẹ̀, ẹ ó rí i pé kò fi wàhálà físà àti ẹnubodè pa mọ́. Àmọ́ ohun tí àwa tó kù fi ń rántí ìwé náà ni àwọn olórí ìjọba tó bá pàdé. Wàhálà ẹnubodè, tó yẹ kó jẹ́ kí ará Ìmẹ̀kọ tàbí Ìdìrókò rí ara rẹ̀ nínú ìwé náà, ni a fò dá. A gba Àjàlá tó dá rìn, tó dé òkèèrè, tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. A ò ka àwọn tó kó ara wọn jọ, tí wọ́n ń kọjá ẹnubodè lọ́jọ́ ọjà, kún arìnrìn-àjò.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan. Lónìí, ẹgbẹ́ àwọn agunkẹ̀kẹ́ wà ní Èkó àti àwọn ìlú ńlá wa, wọ́n ń dé àṣíborí, wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ láti ìlú dé ìlú, wọ́n sì ń gbé fọ́tò wọn sórí Instagram. Ó dáa, ó wù wá. Bí wọ́n bá gba Ìlaròó kọjá lọ sí Ayétòrò, àwọn ọmọdé á máa sáré tẹ̀lé wọn. Lójú ọ̀nà kan náà, ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wọn wà lórí kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tàbí alùpùpù, ó ru àpò gàrí tàbí jálá sẹ́yìn. Ìyẹn là ń pè ní fàyàwọ́ kí a tiẹ̀ tó béèrè ohun tó rù. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún àwọn méjèèjì láyè láti wọ orílẹ̀-èdè kejì fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Ṣùgbọ́n ẹni tó rẹrù ni wọ́n ń dá dúró.

Ní oṣù Kẹjọ 2019, ìjọba ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ pa. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé bẹ́ńtìróòlù dé ilé epo kankan tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Oṣù Kẹrin 2022 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ṣíṣí Ìdìrókò padà. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹni tó kàn fẹ́ bu epo sí ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ ní abúlé ẹnubodè ní láti wá a lọ sí ọ̀nà jíjìn, kó sì máa bẹ̀rù bí ọ̀daràn. Ṣé ẹ rí i pé orúkọ tí a bá fún arìn lójú ọ̀nà máa ń pinnu bí wọn yóò ṣe ṣe sí i?

Ká má purọ́, fàyàwọ́ wà. Bẹ́ńtìróòlù orí alùpùpù máa ń gbiná, ó sì ń pa ènìyàn. Ìbọn náà ń gba ọ̀nà igbó wọlé. A ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ewì bò ó. Ohun tí à ń sọ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbé ẹrù gba ẹnubodè kọjá ni olè, àti pé ìtàn ìrìn-àjò tí kò bá ní àwọn wọ̀nyí nínú, ìtàn àlejò lásán ni.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń padà sọ́dọ̀ ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Newark. Baldwin rí i pé ọkùnrin náà ní iṣẹ́ kan tó ń lọ jẹ́, pé iṣẹ́ náà sì lè má rọrùn. Nínú gbogbo àwọn tó sọ̀rọ̀ lórí ère yìí, òun ló sún mọ́ Yewa jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kó má gbọ́ orúkọ Yewa rí. Ó bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ọkùnrin náà ń lọ. Àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fọ́tò ń wò ibi tí kẹ̀kẹ́ ti wá.

Bí kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ kan bá ṣì fẹ̀yìn ti ògiri ní ilé bàbá yín àgbà, tí ìpẹtà ti bò ó, ẹ má wulẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀ kẹ́ ẹ sì lọ. Ẹ jókòó ti bàbá. Ẹ bi wọ́n pé ọjà wo ni wọ́n gùn ún lọ, àwọn ta ni wọ́n jọ lọ, kí ni wọ́n sọ fún aṣọ́bodè. Ẹ kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀.