Síláìdì Tí A Lè Bi Léèrè

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ síláìdì ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bèèrè pé kí ni ó kan ẹgbẹ́ Yorùbá níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ná.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan pè wá wá wo ìtàn Marina àti Ìṣàlẹ̀ Èkó lára ògiri. Bàbá àgbà kan jókòó níwájú mi. Kò pẹ́ tí bàbá fi nawọ́ sókè: "Ọmọ mi, àwọn ilé wa tí wọ́n wó lẹ́yìn Broad Street ń kọ́?" Àtúnṣe àárín Èkó tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ni ó ń wí, èyí tí ó kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní, "Ẹ ṣe sùúrù, sà, ó ń bọ̀ níwájú." Bàbá ní, "Sùúrù tí mo ṣe dé Sùúrùlérè kò tíì tó?" A rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwòrán náà yóò fi dé, àkókò ti tán, bàbá sì ti dé fìlà rẹ̀, ó ti lọ.

Ẹjọ́ mi pẹ̀lú iṣẹ́ náà nìyí: ó to ọ̀rọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ sórí okùn kan ṣoṣo. Ifá kò rí bẹ́ẹ̀. Odù 256 ni ó wà, èyí tí ó bá jáde ni babaláwo ń ki, ẹni tí ó wá dáfá ni yóò sì mọ ẹsẹ tí ó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu. Bí babaláwo bá ní láti bẹ̀rẹ̀ láti Èjì Ogbè nígbà gbogbo, ta ni yóò dúró tì í?

PowerPoint ti wà láti 1987, ó sì ti pẹ́ tí ó ti ní líǹkì àti bọ́tìnnì. Mo sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ náà, ó sì tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Àwòrán ilẹ̀ Marina ni ó fi ṣíde. Bí a bá tẹ Cathedral, a ó rí i bí wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1925, tí wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1946. Bí a bá tẹ NECOM House, àjà 32 rẹ̀ yọ; bí ó bá jẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin ni, 4 September 2023 tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀.

Síbẹ̀, àléébù wà. Bọ́tìnnì mẹ́rìnlá lójú ewé kan ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ewé kò ní bọ́tìnnì tí yóò dá ènìyàn padà sí àwòrán ilẹ̀. Bí ìka bá ṣèèṣì tẹ ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì, síláìdì a fò lọ sí èyí tí ó kàn, nítorí kò yọ àmì kúrò níwájú On Mouse Click. Fíìmù kan kò ṣí rárá: líǹkì ń tọ́ka sí inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ nílé, orí ti ẹlòmíràn ni a sì ti ń wò ó.

Èyí tí ó dùn mí jù ni pé ilé tí ó dúró nìkan ni ó fún ní bọ́tìnnì. Àwòrán àwọn ilé tí a wó ṣì wà lẹ́yìn pátápátá, kò sí líǹkì kan tí ó lọ síbẹ̀. Bàbá náà tún wá. Ó sún mọ́ ògiri, ó wo ẹ̀yìn Broad Street títí, ó fi ìka kàn án, ó sì bojú wẹ̀yìn wò wá.